Bí Fẹ̀hìntọ́lá Ṣe Fi Ọkọ Olóyè Ta Ilé-Ìwé Lọ́rẹ

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí yìí, ta ló lè sọ fún mi nínú yín ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀? Ẹ má tíì dá mi lóhùn. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ fẹ́ sọ pé alágbẹ̀dẹ kan ló rọ ọ̀bẹ kan, tí ọ̀bẹ náà wá ń ṣe fáàrí. Irọ́ ni. Alágbẹ̀dẹ ò ráyè òwe, iná ló ń fẹ́. Àwọn kan á tún ní òwe náà ti wà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀wé kọ nílẹ̀ yìí. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ní kó lọ mú ẹni tó gbọ́ ọ nígbà náà wá. Èmi mọ ibi tí òwe yìí ti ṣẹ̀. Ilé-ìwé girama ìlú Òkè-Ìrókò ló ti ṣẹ̀, nínú gbọ̀ngàn ńlá wọn, lọ́sàn-án gangan, níṣojú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ fara balẹ̀ kí n rò ó fún yín.

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì àṣekágbá ilé-ìwé náà, Fẹ̀hìntọ́lá lorúkọ rẹ̀. Ọmọ náà mọ Yorùbá kọ. Mi ò wí pé ó ń gbìyànjú o. Mo ní ó mọ̀ ọ́n kọ. Bí ẹ bá gbé àròkọ yín lé e lọ́wọ́, á fa bíró pupa yọ láti inú irun rẹ̀, níbi tó máa ń fi í há sí bí ìyarun, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Gbólóhùn tó bá gùn jù, á gé e. Ọ̀rọ̀ tó bá kàn jókòó síbẹ̀ láìṣiṣẹ́, á lé e dànù. Àmì ohùn tó bá ṣubú, á gbé e dìde. Kó tó dá ìwé yín padà, ìwé náà á ti pupa bí ẹni tó ti ojú ìjà dé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún un kọ, tí ẹ sì kà á, ẹ̀yin gan-an á máa bi ara yín pé ìgbà wo lẹ gbọ́n tó báyìí.

Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi sọ ọ́ ní Ọ̀bẹ. Àwọn tísà pàápàá gbà á lẹ́nu wọn. "Ẹ bá mi pe Ọ̀bẹ," ni wọ́n máa ń wí. Inú ọmọ náà a sì máa dùn sí orúkọ yìí ju èyí tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Ohun kan wà tí kò lè gbà nínú àròkọ ẹnikẹ́ni, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tí a yá láti inú èdè ẹlòmíràn. Bí o bá kọ "fáànù," á fi bíró pa á, á kọ "abẹ̀bẹ̀ oníná" sórí rẹ̀. Ọmọkùnrin kan kọ "tébù" nígbà kan, ó pa á, ó kọ "pátákó ìjẹun."

Ọmọ náà ní, "Ọ̀bẹ, a kì í jẹun lórí ẹ̀ nílé wa. Aṣọ la máa ń lọ̀ lórí ẹ̀."

Ó ní, "Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun lórí ẹ̀."

Bó ṣe rí nìyẹn. Kò ṣe é bí ẹni ń ṣe fàájì o. Ó dá a lójú ni.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Olóyè Rẹ̀mílẹ́kún Ògúnjìnmí gbé ìdíje kan kalẹ̀ nílé-ìwé náà. Ìyá Oníbúrẹ́dì ni gbogbo ìlú mọ obìnrin yìí sí, nítorí òun ló ni ilé búrẹ́dì tó wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Lọ́dún tó ṣáájú, ó ti fún ilé-ìwé náà ní bọ́ọ̀sì kan, bọ́ọ̀sì ògbólógbòó tó fi ń pín búrẹ́dì kiri tẹ́lẹ̀. Ó wá ní kí àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá kọ àròkọ lórí "Ohun Kan Tó Yí Ilé-Ìwé Wa Padà." Ẹni tó bá gbégbá orókè, òun yóò rán an lọ sí yunifásítì títí yóò fi gboyè jáde.

Ẹ ò rí i pé nǹkan ńlá ni! Àgbẹ̀ ni bàbá Fẹ̀hìntọ́lá. Ó ti pe ọmọ rẹ̀ jókòó, ó ti fìfẹ́ sọ fún un pé bó bá jáde ìwé mẹ́wàá, ọ̀dọ̀ aránṣọ ló ń lọ, torí apá òun ò ká yunifásítì. Ọmọ náà ò kórìíra aránṣọ. Ṣùgbọ́n ohun tó wù ú láti máa gé nílé ayé yìí, kì í ṣe aṣọ.

Bí ìkéde ìdíje náà ṣe jáde báyìí, ẹsẹ̀ ò gbèrò mọ́ lọ́dọ̀ Ọ̀bẹ. Ẹni tó kọ tiẹ̀ tó gùn jù ń bọ̀, ẹni tí kò mọ ibi tí yóò parí ẹ̀ sí ń bọ̀. Ẹ rántí pé òun náà wà nínú ìdíje yìí o, pé àwọn alátakò rẹ̀ ló ń bá pọ́n àdá. Kò bẹ̀rù. Ó ní bí òun bá bá gbogbo wọn tún un ṣe tán, òun ni yóò ṣì gbé ipò kìíní.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Oyèbọ́lá náà mú tirẹ̀ wá. Kànga tuntun tí wọ́n gbẹ́ sí ẹ̀yìn kíláàsì ló kọ̀wé lé lórí. Ọ̀bẹ kà á díẹ̀, ó gbójú sókè.

"Oyè, kànga ni wọ́n ní kí o kọ, àbí ìgbà ìwáṣẹ̀? Ojú ìwé kejì rèé, omi ò tíì jáde."

"Mo fẹ́ kó gùn ni."

"Kànga ló yẹ kó jìn. Àròkọ, kó ṣáà ti lómi." Ó sì fa ìlà pupa sí ojú ìwé méjì àkọ́kọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Oyèbọ́lá fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ṣùgbọ́n nígbà tó ka èyí tó kù, ó rí i pé òótọ́ ni, omi ti ń jáde láti ìlà kìíní. Ó dúpẹ́, ó wá ní, "Tìẹ ńkọ́? Mú un wá kí n bá ọ wò ó."

Ọ̀bẹ bú sẹ́rìn-ín. "Kí o bá mi wo kí ni? Ìwọ tó o kọ 'ìyàwó' lánàá tó di 'iyàwò'?"

"Mo kàn ní kí ojú méjì mìíràn rí i ni."

"Ojú mi méjèèjì ti rí i. Wọ́n tó."

Ọ̀gbẹ́ni Láníhùn, tísà Yorùbá wọn, náà pàdé rẹ̀ lọ́nà kíláàsì. "Ọ̀bẹ, ta ló bá ọ ka tìẹ?"

"Èmi ni, sà."

"Ìwọ ṣáà lo kọ ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Èmi náà ni mo kà á. Mo kà á dáadáa, sà."

Ọ̀gbẹ́ni Láníhùn mi orí, ṣùgbọ́n àga ló ń wá kiri fún ọjọ́ ayẹyẹ, ló bá fi í sílẹ̀.

Àròkọ náà dára o, kí n má purọ́. Bọ́ọ̀sì tí Olóyè fún wọn ló kọ̀wé lé lórí. Ó dárà sí i, ó kọ ọ́ bí ẹni ń sọ ìtàn ènìyàn abẹ̀mí, bó ṣe ń wú ikọ́, bó ṣe ń kùn, bó ṣe ń ṣagídí láàárọ̀. Àmì ohùn wà lórí gbogbo ọ̀rọ̀ bí ẹyẹ lórí wáyà. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gba ìwé náà, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní kí òun wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí ló rí? "Bọ́ọ̀sì." Ibi gbogbo ni "bọ́ọ̀sì" wà! Ó ní, "Háà! Ọ̀bẹ, ìwọ náà!" Ojú tì í bí ẹni tí wọ́n bá ẹran nínú àpò rẹ̀.

Wàrà-wàrà ló fa ìwé mìíràn yọ, ó ń tún un dà kọ. Ibi tí "bọ́ọ̀sì" bá ti wà, á kọ "ọkọ̀." Ó kéré tán, ohun tó rò pé òun ń kọ nìyẹn. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ yòókù wà lórí ìwé àkọ́kọ́ níwájú rẹ̀. Bó ṣe ń dà wọ́n kọ ni àmì wọn ń tẹ̀ lé wọn. Ṣùgbọ́n "ọkọ̀" ò sí lórí ìwé yẹn. Inú orí rẹ̀ ló ti ń wá, aago ilé-ìwé sì ti ń dún. Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sórí ìwé, àmì rẹ̀ dúró sínú orí. Bó ṣe kọ "ọkọ" nìyẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àmì kékeré yẹn nìkan ló sì wà láàárín ohun tó ń gbé ènìyàn rìn àti baálé ilé.

Ó tún kà á kó tó fi í sílẹ̀ o! Ó kà á, ó rí "ọkọ̀," nítorí ọkọ̀ ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó lọ fi ìwé náà sílẹ̀.

Ọjọ́ ayẹyẹ pé. Gbọ̀ngàn kún. Ìyá Oníbúrẹ́dì jókòó sí iwájú, ọkọ rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Baba Ògúnjìnmí ni wọ́n ń pe bàbá náà, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì. Àgbàlagbà tó sanra, tí ikùn rẹ̀ ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé. Nítorí inú ilé búrẹ́dì ló ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́, òórùn búrẹ́dì kì í kúrò lára rẹ̀. Ikọ́ ń yọ ọ́ lẹ́nu díẹ̀ lásìkò òtútù yẹn, ìgò ojú rẹ̀ apá ọ̀tún sì ti sán, ṣùgbọ́n kò gbà kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ó ní ojú òsì lòun fi ń ríran.

Kì í ṣe àwọn ọmọ ló ń ka àròkọ wọn fúnra wọn. Alàgbà Ọdẹ́yalé, ẹni tó ti ṣe alábẹ̀wò ilé-ìwé rí, ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Bàbá náà le. Kó tó bẹ̀rẹ̀, ó kìlọ̀ fún gbogbo ènìyàn.

"Ohun tó wà lórí ìwé ni mo máa kà. Mi ò ní í fi kún un, mi ò ní í yọ kúrò. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ já lu ọ̀rọ̀ mi títí màá fi kà á tán."

Ó ka ti Oyèbọ́lá. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ gidi. Ọ̀bẹ ló pàtẹ́wọ́ jù, torí ó mọ ẹni tó gé e. Ó ka àwọn mìíràn. Níkẹyìn ó mú ti Fẹ̀hìntọ́lá. Ó wo ojú ìwé náà, ó mi orí pẹ̀lú ayọ̀. "Ẹ wo àmì ohùn! Ẹni tó fi àmì sórí ọ̀rọ̀ báyìí, ohun tó bá wí, ohun tó fẹ́ wí nìyẹn." Ó wú ikọ́, ó bẹ̀rẹ̀.

"'Nígbà kan, ojú máa ń tì wá láàárín àwọn ilé-ìwé yòókù, nítorí pé wọ́n ní ọkọ, àwa ò ní. Tọkùnrin tobìnrin wa la jọ ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fún wa ní ọkọ.'"

Àwọn kan wo ara wọn. Wọ́n ní bóyá etí àwọn ni.

"'Ọlọ́run gbọ́ àdúrà wa. Olóyè Ògúnjìnmí gbọ́ ẹkún wa, ó fi ọkọ ara rẹ̀ ta ilé-ìwé wa lọ́rẹ.'"

Baba Ògúnjìnmí tó ti ń tòògbé la ojú. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wo iwájú.

"'Ọkọ náà kì í ṣe tuntun. Ó ti bá Olóyè ṣiṣẹ́ fún ọdún gbọọrọ, òórùn àkàrà òyìnbó ò sì tíì kúrò lára rẹ̀. Ìgò ojú rẹ̀ apá ọ̀tún ti sán.'"

Gbogbo gbọ̀ngàn yí ojú sí Baba Ògúnjìnmí lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá fi ọwọ́ kan ìgò ojú rẹ̀.

"'Láàárọ̀ ọjọ́ òtútù, kì í fẹ́ jí. A ó tì í lẹ́yìn, yóò wú ikọ́, yóò kùn, kó tó gbéra. Epo tó ń mu pọ̀. Nígbà mìíràn, omi a máa jò lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n a ti gbé ike síbẹ̀.'"

Ẹnì kan lẹ́yìn kò lè mú ẹ̀rín náà mọ́ra, ó bú jáde, ó sì fi fìlà bo ẹnu. Ọ̀bẹ tó jókòó láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́ "ọkọ" tí Alàgbà ń pè, ó ní ká má rí i, bàbá yìí ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ka Yorùbá!

"'Inú rẹ̀ fẹ̀ púpọ̀. Àwa méjìdínlógún ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà.'"

Baba wo ikùn rẹ̀.

"'Olóyè sọ fún wa pé òun ń mú tuntun bọ̀ láti Èkó, tó dúdú, tó ń dán, tí ara rẹ̀ le. Ògbólógbòó yìí ò wúlò fún òun mọ́.'"

Bàbá dìde. "Alàgbà, ẹ dúró ná."

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ má já lu ọ̀rọ̀ mi. Ó ku ìpínrọ̀ kan."

Torí pé òfin ni òfin, bàbá tó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè tún jókòó. Alàgbà tẹ̀ síwájú.

"'Ìlérí tí àwa ọmọ ilé-ìwé ṣe ni pé a ó tọ́jú ọkọ yìí. Ní ìsinmi tó ń bọ̀, a ó kùn ún ní ọ̀dà àwọ̀ ewé, a ó sì kọ orúkọ ilé-ìwé wa gàdàgbà sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá sì kú pátápátá, a ó tú u palẹ̀, a ó ta àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ tó ṣì dára, a ó fi ra òmíràn. Kí Ọlọ́run bù kún Olóyè wa.' Ó parí."

Ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́.

Baba Ògúnjìnmí yí sí ìyàwó rẹ̀. "Ìyá Gbádé, ta ni ará Èkó?"

"Bàbá Gbádé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wí."

"Ṣé èmi ni mò ń jẹ́ bọ́ọ̀sì? Mo gbọ́ tí o ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú. O ní, 'Ó dúdú, ó ń dán, ẹ má jẹ́ kí Bàbá Gbádé rí i o.' Mo rò pé bàtà ni!"

"Mọ́tò tuntun ni! Mo fẹ́ fi yà yín lẹ́nu ni!"

"Ẹnu ti yà mí."

Bàbá gbé ọ̀pá rẹ̀, ó tún fìlà dé dáadáa, ó sọ̀ kalẹ̀ láàárín gbọ̀ngàn, ó lọ sí ìjókòó àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá. "Ẹ sún fún mi." Wọ́n sún. Ó jókòó. "Wọ́n ti fi mí ta yín lọ́rẹ, mo ti gbà. Ta ni màá máa bá sọ̀rọ̀ oúnjẹ níbí?" Ó yí sí ọmọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ṣé ìwọ lo fẹ́ kùn mí?"

"Rárá o, bàbá! Èmi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, sà!"

"Àwọ̀ ewé ò bá mi lára mu. Ẹ sọ fún ẹni tó ń ra ọ̀dà."

Ìyá Oníbúrẹ́dì ò rẹ́rìn-ín. Ó dojú kọ ọ̀gá àgbà ilé-ìwé. "Ọ̀gá àgbà, ṣé torí kí ẹ lè bú ọkọ mi ní gbangba lẹ ṣe pè mí? Ẹ kó kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì mi wá. Ìdíje ti parí. N ò rán ẹnikẹ́ni lọ síbì kankan."

Ọ̀gá àgbà ti dọ̀bálẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀ tán. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Fẹ̀hìntọ́lá rí bọ́ọ̀sì tó ń lọ, ó rí yunifásítì tó ń bá a lọ, ó rí ilé aránṣọ tó ń ṣílẹ̀kùn. Ó sáré bọ́ síwájú, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, èmi ni mo kọ ọ́, ṣùgbọ́n mi ò kọ ọkọ. Ọkọ̀ ni mo kọ! Alàgbà ni ò kà á dáadáa!"

"Háà!" ni gbogbo gbọ̀ngàn ké.

Alàgbà Ọdẹ́yalé ò bínú. Ó rọra na ìwé náà sí i. "Gbà. Bá wa kà á."

Fẹ̀hìntọ́lá gbé e sójú, ó kà á ketekete: "'Olóyè Ògúnjìnmí gbọ́ ẹkún wa, ó fi ọkọ̀ ara rẹ̀ ta ilé-ìwé wa lọ́rẹ.'"

"Ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn?"

"Òun ni, sà."

"Tún un kà."

Ó tún un kà. Ọkọ̀ ló kà.

"Ó dáa. Fi ìka sórí àmì náà kí n rí i."

Ọmọ náà fi ìka wá a. Ó fi ìka lé nǹkan kan. "Òun rèé, sà."

"Ti 'rẹ̀' nìyẹn."

Ó tún wò ó, kò sì rí ohun tó ń wò. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ méjèèjì là sílẹ̀, kò rí i! Ìgbà náà ni Oyèbọ́lá rìn wá láti ẹ̀yìn. Ó na ọrùn wo ìwé náà láti èjìká ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìwò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

"Ọ̀bẹ," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "orí ẹ̀ ṣófo. Ibi gbogbo ló ti ṣófo."

Àfi bí ìgbà tí wọ́n nu ojú Fẹ̀hìntọ́lá. Lójijì, ọkọ ló rí láti òkè dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé náà, ọkọ tó sanra, ọkọ tó ń wú ikọ́, ọkọ tí wọ́n fẹ́ kùn.

"Yéè! Ọkọ ni mo kọ!"

Kò wo ẹ̀yìn. Ó lọ tààrà sọ́dọ̀ Baba Ògúnjìnmí láàárín àwọn ọmọ kíláàsì, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Bàbá, ẹ dárí jì mí. Olóyè ò fi yín tọrẹ, bíró mi ló fi yín tọrẹ. Oyèbọ́lá ní kóun bá mi wò ó, mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Tísà bi mí, mo ní mo ti kà á. Mo sì kà á lóòótọ́, bàbá. Mi ò kàn rí i ni."

Bàbá dorí kodò. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Àwọn èèyàn ní, "Ẹ gbà wá, bàbá ń sunkún." Àṣé ẹ̀rín ni. Ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀ láti inú ikùn ńlá yẹn, ó gòkè, ó di ikọ́, ó tún padà di ẹ̀rín.

"Ike!" bàbá ń wí, ó ń fi ọ̀pá lu ilẹ̀. "Wọ́n gbé ike sábẹ́ mi! Ẹ fi àmì sí i, kí ẹ tún un kà. Mo fẹ́ gbọ́ ọ!"

Oyèbọ́lá gba bíró pupa lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó fi àmì sórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, kò fo ẹyọ kan. Alàgbà Ọdẹ́yalé kà á lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́tẹ̀ yìí, ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dákẹ́ ni wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Oníbúrẹ́dì gbìyànjú láti máa bínú lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n ti fẹ́ ta ẹ̀yà ara, òun náà fi gèlè nu ojú.

Bàbá na ọ̀pá sí i láti ọ̀ọ́kán. "Ìyá Gbádé! Ará Èkó yẹn, ṣé ó dúdú lóòótọ́?"

"Ó dúdú, ó ń dán."

"Ó dáa. Èmi ni màá jókòó níwájú."

Alàgbà wá gbé ìdájọ́ kalẹ̀. Ó ní òun ò lè gbé ipò kìíní fún àròkọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé onílé ká, bó ti wù kó dùn tó. Oyèbọ́lá ló gbé e. Ọmọ náà bọ́ síwájú, ó dúpẹ́, ó wá ní, "Ọ̀bẹ ló bá mi gé e, sà. Ojú ìwé méjì ló gé dànù, ọpẹ́lọpẹ́ rẹ̀."

Baba Ògúnjìnmí gbọ́ ọ. "Ta ni Ọ̀bẹ?"

Wọ́n nawọ́ sí Fẹ̀hìntọ́lá.

"Òun náà ló gé ti àwọn yòókù?"

"Gbogbo wa ló bá gé e, bàbá."

"Ta ló wá bá a gé tiẹ̀?"

Fẹ̀hìntọ́lá wo ilẹ̀. "Èmi náà ni, bàbá."

Bàbá mi orí, ó rẹ́rìn-ín. "O ò jẹ̀bi, ọmọ mi. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹlòmíràn ló ń di ọ̀bẹ mìíràn mú, tó fi ń bá a gbẹ́ ẹ."

Ibẹ̀ gan-an ló ti kọ́kọ́ jáde. Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ gbé e délé, wọ́n ń pa á bí ẹni pé àwọn ni wọ́n ni ín.

Olóyè mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ fún Oyèbọ́lá. Ní ti Fẹ̀hìntọ́lá, ó ní kó wá bá òun ṣiṣẹ́ fún ọdún kan ná, kó máa kọ ohun tí wọ́n ń tẹ̀ sára ọ̀rá búrẹ́dì, kí Baba sì máa fi ojú òsì yẹ̀ ẹ́ wò. Ọdún náà pé, ó rán òun náà lọ. Wọ́n ní búrẹ́dì ìlú Òkè-Ìrókò nìkan ni búrẹ́dì tí àmì ohùn ara ọ̀rá rẹ̀ pé nígbà yẹn.

Ṣùgbọ́n mi ò tíì parí. Òwe náà wọ ọ̀gá àgbà ilé-ìwé lára débi pé ó ní òun yóò kọ ọ́ sára ògiri ẹnu ọ̀nà, kí ọmọ tó bá ń wọlé máa rí i. Ó gbé àkàbà, ó gbé ọ̀dà, ó gun òkè fúnra rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Láníhùn dúró nísàlẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín wò ó kó tó gbẹ, sà."

"Láníhùn, ta ni ọ̀gá nínú àwa méjèèjì?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo ìlú dúró sí ẹnu ọ̀nà náà, wọ́n ń kà á. Ó kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba: ỌBẸ̀ KÌ Í MÚ TÍTÍ KÓ GBẸ́ ÈKÙ ARA RẸ̀. Ìyá arúgbó kan ní kí wọ́n bá òun kà á, ó gbọ́ ọ tán, ó ní ọbẹ̀ wo, ṣé ẹ̀gúsí ni àbí ilá? Ọ̀dà náà ti gbẹ, kò ṣeé pa rẹ́, ló bá wà bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí àgbà kan dákẹ́ díẹ̀ kó tó pa òwe yìí, ògiri yẹn ló rántí. Á rẹ́rìn-ín tán, á wá sọ pé: ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ọbẹ̀ pàápàá ò lè gbẹ́ ẹ.